Igun eyín iwájú kán, ti ẹ̀yìn lu: ṣé èyí tó ní àwọ̀ eyín ni kí n fi dí i?

TísàÌkẹ̀rẹ́

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọmọ Èkìtì Kete. Ìkẹ̀rẹ́ ni mò ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mò ń ṣe. Níbi òkú àgbà kan tí a lọ bá wọn ṣe, mo ń fi eyín iwájú tu ẹran lára eegun, ni igun eyín kan lókè bá kán. Kì í ṣe gbogbo eyín ló lọ o, igun rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó ti di pé mo ń fọwọ́ bo ẹnu kí n tó rẹ́rìn-ín ní kíláàsì.

Mo gba Adó lọ rí dókítà eyín. Ó yẹ ẹnu mi wò, ó ní yàtọ̀ sí èyí tó kán, eyín ẹ̀yìn kan nísàlẹ̀ ti lu, inú rẹ̀ sì ti dúdú. Òótọ́ ni, tí mo bá mu omi tútù, ó máa ń ta mí dé etí. Ó ní òun lè fi èyí tó ní àwọ̀ eyín dí méjèèjì, tàbí kí òun fi onífàdákà dí ti ẹ̀yìn torí pé owó tirẹ̀ kéré. Ó ní kí n lọ rò ó.

Láti ìgbà náà ni etí mi ò ti sinmi. Ọ̀rẹ́ mi kan nínú yàrá àwọn tísà ní funfun yẹn kì í pẹ́ kó tó ṣí. Arábìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní májèlé ló wà nínú onífàdákà. Àbúrò ìyá mi ní kí wọ́n kúkú yọ ọ́, kí ọ̀rọ̀ tán. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Nǹkan kan tún wà. Mo ní èjí, eyín tó kán yìí sì ni ọ̀kan nínú méjì tí èjí náà wà láàárín wọn. Ọkọ mi ní tí wọ́n bá fi lè dí èjí yẹn mọ́ ọn, òun ò ní mọ ẹni tó wọlé. Ẹ rẹ́rìn-ín tán, kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

BàbáÌbejì_Adó

Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí. Ṣé ẹ tọ́jú èéfọ́ eyín náà? Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ mi ṣubú níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n ní ká fi èéfọ́ eyín rẹ̀ sínú mílíìkì, ká gbé e dání wá. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ padà, kò sẹ́ni tó mọ̀.

TísàÌkẹ̀rẹ́

Bàbá Ìbejì, mo ti gbé e mì pẹ̀lú ẹran.

ÌyáAránṣọ_Bísí

Tísà, ẹ má wulẹ̀ náwó sí funfun yẹn. Wọ́n fi ṣe eyín iwájú tèmi, ó dán, ó bá àwọn yòókù mu, mo yọ̀. Kò tíì pé ọdún tó fi ré bọ́. Mo padà lọ, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún gbowó. Ó tún ré. Owó tí mo ná sí i, ǹ bá ti fi tún ẹ̀rọ ìránṣọ mi ṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi irin dí ti ẹ̀yìn, kí ẹ sì fi ti iwájú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ni igun eyín kan?

Nọ́ọ̀sìÌdó

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká tìtorí ẹyọ kan sọ pé gbogbo rẹ̀ ò dára. Mo ti bá àwọn dókítà eyín ṣiṣẹ́ rí, ohun tí mo sì rí ni pé funfun yìí kórìíra omi. Onífàdákà, kíkì ni wọ́n ń kì í bọ inú ihò, ihò náà ló ń dì í mú. Tí itọ́ bá kàn án díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ bínú. Èyí tó ní àwọ̀ eyín, tí wọ́n ń pè ní composite, lílẹ̀ ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ibi tó ti rà kúrò, wọ́n á fi ásíìdì fẹ́ẹ́rẹ́ pa ojú eyín fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kó lè rí ṣákiṣàki, wọ́n á ṣàn án nù, wọ́n á fi oje tí ń lẹ nǹkan kùn ún, kí wọ́n tó wá kó funfun yẹn lé e. Tí itọ́ tàbí ẹ̀jẹ̀ èrìgì bá kàn án láàárín iṣẹ́, á dà bíi pé ó mú, àmọ́ kò mú. Òun ni ẹ ṣe máa rí i pé dókítà tó mọ iṣẹ́ á kó òwú yí eyín ká, ẹ̀rọ á sì máa fa itọ́. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń na rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo gbogbo ẹnu, eyín tí wọ́n fẹ́ ṣe nìkan ni yóò yọrí síta.

Nítorí náà, Tísà, tó bá jẹ́ pé èrìgì yín máa ń ṣẹ̀jẹ̀ tí ẹ bá ń fọ ẹnu, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ ha ìdọ̀tí ìdí eyín kúrò kí èrìgì san, kí wọ́n tó dí ohunkóhun.

Ọ̀rọ̀ yíyọ yẹn, ẹ má gbọ́ ọ o. Eyín tó bá ṣì ṣeé dí, kì í ṣe eyín tí à ń yọ. Tí ẹ bá yọ ti ẹ̀yìn, èyí tó dojú kọ ọ́ lókè á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ á máa fì síbi àlàfo. Owó eyín àtọwọ́dá tí ẹ máa wá ná lẹ́yìn náà á ju èyí tí ẹ ń bẹ̀rù báyìí lọ.

Bàbá_Ọ̀tún

Ẹ̀yin ọmọ, mo kí yín. Onífàdákà méjì ló wà lẹ́nu mi láti ayé ológun. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é fún mi nígbà tí mo wà ní yunifásítì. Mo fi jẹ ẹran ìgbẹ́, mo fi jẹ àgbàdo sísun, mo fi fọ́ orí ẹja. Ó ṣì wà níbẹ̀ gbágbáágbá. Ẹni tó bá ní májèlé ni, kó wá wò mí. Ti ẹ̀yìn, ta ni yóò rí i? Ṣé ẹ fẹ́ máa yanu fún àwọn aláìríṣẹ́ wò ni?

Ọmọ_Àjílosùn

Bàbá, ẹ̀mí yín á gùn o, ṣùgbọ́n mẹ́kúrì, irin olómi tó ń ṣàn yẹn, ló wà nínú nǹkan yẹn. Mẹ́kúrì! Ìdajì rẹ̀ ni. Lókè òkun wọ́n ti fòfin dè é. Èmi fẹ́ lọ yọ gbogbo èyí tó wà lẹ́nu mi, kí wọ́n fi funfun rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

ỌmọÌjerò_Eyín

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin àgbà. Dókítà eyín ni mí, ọmọ Ìjerò, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́.

Ọmọ Àjílosùn, apá kan ọ̀rọ̀ yín jẹ́ òótọ́, apá kejì lè pa yín lára. Lóòótọ́, nǹkan bí ìdajì ìwọ̀n amalgam, ìyẹn onífàdákà, ni mẹ́kúrì. Fàdákà, tánganran àti bàbà ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Ṣùgbọ́n mẹ́kúrì tó ti pò mọ́ irin mìíràn tó sì ti le kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tó ń ṣàn kiri. Oòru mẹ́kúrì tó ń jáde lára rẹ̀ kéré gan-an. Ìgbà tó ń pọ̀ sí i ni ìgbà tí wọ́n bá ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ ẹ jáde, ohun tí ẹ sì fẹ́ lọ ṣe nìyẹn. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń bójú tó oúnjẹ àti òògùn, kìlọ̀ ní 2020 pé kí àwọn kan yẹra fún un: àwọn aláboyún, àwọn tó ń fọ́mọ lọ́mú, àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 6, àwọn tí kíndìnrín wọn ò ṣiṣẹ́ dáadáa àti àwọn mìíràn bẹ́ẹ̀. Nínú ìkìlọ̀ kan náà ni wọ́n ti sọ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ èyí tó bá ṣì dára lẹ́nu rẹ̀ láìnídìí. Ti Bàbá Ọ̀tún, ẹ fi í sílẹ̀ níbi tó wà.

Òfin tí ẹ gbọ́, àwọn orílẹ̀-èdè inú Ìṣọ̀kan Yúróòpù ni wọ́n dá lílò rẹ̀ dúró láti oṣù kìíní 2025, àyàfi tí dókítà bá rí i pé aláìsàn náà nílò rẹ̀ dandan. Àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì tí wọ́n fọwọ́ sí ní Japan ní 2013, tí Nàìjíríà náà sì wọ̀ ní 2018, ló bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ẹnu ènìyàn nìkan kọ́ ló fà á. Wọ́n ń wo ibi tí mẹ́kúrì ń gbà lọ: láti inú omi ìdọ̀tí ilé ìwòsàn bọ́ sínú odò, láti inú odò bọ́ sínú ẹja.

Ó wá kan Tísà. Àwọ̀ lẹ ti ń bèèrè, ẹ ò tíì bèèrè bí ihò náà ṣe jìn tó. Ṣé wọ́n ya ẹ́síréè eyín ẹ̀yìn yẹn? Ojú lásán kì í sábà rí ibi tí ihò dé. Tí omi tútù bá ta á, tó sì lọ bí ẹ ṣe ń gbé omi náà mì, ó ṣeé ṣe kí mùdùnmúdùn inú eyín ṣì lágbára. Tó bá jẹ́ pé ó máa ń ta títí, tàbí ohun gbígbóná ló ń bí i nínú, tàbí ó ń dédé jí yín lóru, ọ̀rọ̀ ti ju dídí lọ nìyẹn. Àfi kí wọ́n fọ inú gbòǹgbò eyín náà, èyí tí wọ́n ń pè ní root canal. Ẹni tó bá fi funfun tàbí irin dí irú eyín bẹ́ẹ̀ lásán, ìlẹ̀kùn ló tì mọ́ olè sínú ilé.

Tí ihò náà ò bá jìn, composite dára fún ti ẹ̀yìn náà. Rẹ́sìn, ìyẹn oje tó máa ń le bíi ike, àti lẹ́búlẹ́bú gíláàsì ni wọ́n pò pọ̀. Ará Amẹ́ríkà kan, Rafael Bowen, ló ṣe irú rẹ́sìn náà jáde ní nǹkan bí 1962. Ọ̀nà ásíìdì tí Nọ́ọ̀sì ṣàlàyé ti wà ṣáájú ìyẹn, Michael Buonocore ló gbé e jáde ní 1955. Nígbà tó bá ṣì rọ̀ la máa ń tò ó ní ìpele-ìpele. Nínú irú tó wọ́pọ̀, ìpele kan kì í ju nǹkan bíi mìlímítà 2 lọ, a ó tan iná búlúù sí i títí yóò fi le, ká tó gbé òmíràn lé e. Ìdí ni pé ó máa ń sún kì díẹ̀ bó ṣe ń le. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ sínú ihò lẹ́ẹ̀kan náà, ó lè já kúrò lára ògiri eyín, àlàfo tín-ín-rín á ṣí sílẹ̀, ìdọ̀tí á gba ibẹ̀ wọlé, eyín á tún bẹ̀rẹ̀ sí í rà lábẹ́ láìsí ẹni tó rí i. Tó bá sì nípọn jù, iná náà kò ní dé ìsàlẹ̀.

Ẹ bèèrè iye ọdún. Irin ló sábà ń pẹ́ jù, ọdún 10 sí 15 kì í ṣe ohun ìyanu fún un. Composite, ọdún 5 sí 10, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu ẹni tó ń tọ́jú ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Ọ̀tún ò sọ apá kan: kí irin tó lè dúró, a ní láti gbẹ́ ihò náà fẹ̀ kó lè ríbi há sí, eyín tó dáa á sì bá a lọ. Èyí tí à ń lẹ̀, ibi tó rà là ń gbẹ́. Fún ihò kékeré, èmi ò rí ìdí tí màá fi gé eyín rere dànù.

Ti iwájú, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀, composite ni. Ní ti èjí yín, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ti pa ẹnu kú tán. Àwọn kan ń wá sọ́dọ̀ wa pé ká fi nǹkan yìí kan náà pa èjí àwọn rẹ́, torí náà dókítà lè rò pé oore lòun ń ṣe yín. Ẹ mú fọ́tò kan dání tí ẹ ti rẹ́rìn-ín kí eyín tó kán. Á fi mọ bí igun náà ṣe rí tẹ́lẹ̀.

ÌyáAránṣọ_Bísí

Dókítà, ẹ ṣé, àlàyé yín dùn létí. Ṣùgbọ́n tèmi ré, ó tún ré. Ihò kọ́ o, igun eyín iwájú ni, bíi ti Tísà gẹ́lẹ́.

Ọmọ_Àjílosùn

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, òwú ìránṣọ yín, kí lẹ fi ń já a?

ÌyáAránṣọ_Bísí

Kí làwọn aránṣọ yòókù fi ń já a? Ṣé òwú ti wá di òkúta ni?

ỌmọÌjerò_Eyín

Kì í ṣe òkúta, Màmá, ṣùgbọ́n ibi kan náà lẹ fi ń fà á lójoojúmọ́. Igun tí ọwọ́ ènìyàn mọ ò lè gba ohun tí igun àdáyébá gbà. Ẹ so àlùmọ́gàjí kékeré kan mọ́ ara ẹ̀rọ yín. Àwọn tó ń fi eyín ya ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti àwọn tó ń fi í ṣí ìdérí mínírà, ẹ̀yin kan náà ni.

Ṣùgbọ́n ẹ tún jẹ́ kí wọ́n wo bí eyín ìsàlẹ̀ ṣe ń bọ́ sí i nígbà tí ẹ bá pa ẹnu dé. Nígbà mìíràn, eyín ìsàlẹ̀ ló ń tì í dànù, bí wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, yóò ré ni. Tí èyí tó lọ bá ti pọ̀ jù, ó lè gba pé kí wọ́n fi èyí tó ń bo gbogbo eyín dé e lórí.

ÌyáAránṣọ_Bísí

Ti òwú yẹn ò yé mi. Ti eyín ìsàlẹ̀, mo gbọ́.

Alábòójútó

Ahọ́n àti eyín náà a máa jà, ẹ rọra o. Ẹni tí iṣẹ́ ò bá tẹ́ lọ́rùn, kó má dárúkọ ilé ìwòsàn níbí. A ti yọ ọ̀rọ̀ ẹnìkan kúrò nítorí ẹ̀.

ÌyáTọ́lá_Ìkọ̀lé

Ṣé méjì péré ló wà ni? Èyí tí wọ́n fi dí eyín ọmọ mi funfun, ṣùgbọ́n wọn ò tan iná búlúù kankan sí i. Wọn ò gún un lábẹ́rẹ́, wọn ò lo ẹ̀rọ tó ń ké yẹn, irin kékeré ọwọ́ ni wọ́n fi ha ibi tó rà. Ọmọ tó ti ń sunkún láti ilé, ó jókòó jẹ́ẹ́. Àmọ́ funfun rẹ̀ kò dán bíi ti eyín. Ṣé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni?

Nọ́ọ̀sìÌdó

Wọn ò rẹ́ yín jẹ, Ìyá Tọ́lá. Glass ionomer nìyẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló ń lẹ̀ mọ́ eyín, kì í fi bẹ́ẹ̀ bínú sí omi ẹnu, ó sì máa ń tú fluoride, èròjà tó ń mú eyín le, jáde díẹ̀díẹ̀ sára eyín. Ọ̀nà tí wọ́n fi irin ọwọ́ ṣe é yẹn, Tanzania ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí 1985, fún ibi tí kò ti sí iná mànàmáná. Ní 2021, àjọ WHO fi glass ionomer sínú àkọsílẹ̀ òògùn kòṣeémáàní. Ibi tó kù sí ni agbára: tí ẹ bá fi í sí ihò ńlá lórí eyín tí àgbàlagbà fi ń lọ oúnjẹ, ó máa ń jẹ tán tàbí kó là.

ỌmọÌjerò_Eyín

Àtúnṣe díẹ̀: irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n pò mọ́ rẹ́sìn, iná búlúù náà ni wọ́n fi ń mú ìyẹn le. Ó sì wúlò fún àgbà náà, pàápàá níbi ìdí eyín tí búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò ti ha jẹ.

Àgbà_Ẹ̀fọ̀n

Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ ń dà á rú. Kòkòrò ló ń jẹ eyín. Nígbà tiwa, omi bátìrì ṣíún lórí òwú, ẹ fi sínú ihò, kòkòrò kú, ìrora lọ. Ẹlòmíràn á fi ògógóró pọn aáṣáà. Pákò láàárọ̀, káún díẹ̀, ó parí. Kò sí ẹni tó ń ya fọ́tò eyín.

ỌmọÌjerò_Eyín

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n omi bátìrì, rárá o. Ásíìdì tó ń jẹ irin nìyẹn. Ó máa ń pa iṣan inú eyín, òun ni ìrora ṣe lọ. Ó tún máa ń bó èrìgì àti ètè, ó sì lè jẹ dé egungun àgbọ̀n. Iṣan tó kú sínú eyín yẹn ni yóò wá kẹ̀, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ yóò wú lẹ́yìn oṣù mélòó kan. Ẹnikẹ́ni tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ gbóná, tàbí tí kò lè gbé nǹkan mì dáadáa, ilé ìwòsàn ńlá ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyẹn kì í dúró de ọjọ́ ọjà.

Kòkòrò tí ẹ sọ, a mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n èyí tí ojú ò lè rí ni. Ṣúgà tó bá kù sára eyín ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sọ ọ́ di ásíìdì, ásíìdì yẹn ni ń gbẹ́ ihò. Àwọn tó ń káàkiri ọjà tí wọ́n ń yọ kòkòrò funfun jáde láti inú eyín ènìyàn, ọwọ́ wọn ni wọ́n ti mú un wá.

Àgbà_Ẹ̀fọ̀n

Mo gbọ́ ti bátìrì. Ẹ má fọwọ́ kan pákò mi.

ỌmọÌjerò_Eyín

N kò fọwọ́ kàn án, Bàbá. Ẹ rún orí rẹ̀ kó rọ̀ dáadáa, kí ẹ má fi í ha ìdí eyín síwá sẹ́yìn. Lálẹ́ kí ẹ tó sùn, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín tó ní fluoride fọ̀ ọ́, ẹ tutọ́ rẹ̀ dànù, kí ẹ má fi omi púpọ̀ yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn pákò àárọ̀, ẹ lè fi ìyẹn kún un.

Ọmọ_Ìworókó

Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, ọ̀rọ̀ owó àti iná ni mo fẹ́ sọ, torí kò sẹ́ni tó tíì mẹ́nu bà á.

Níbi tí mo lọ, funfun fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì irin. Káàdì lọ́tọ̀, ẹ́síréè lọ́tọ̀. Ẹ bèèrè àpapọ̀ kí ẹ tó jókòó sórí àga. Ilé ìwòsàn ìjọba ńlá méjèèjì, ti Adó àti ti Ìdó, ni mo kọ́kọ́ fojú sí kí n tó lọ sí ti aládàáni. Ìlà gùn, ṣùgbọ́n owó rọ̀ díẹ̀. Tí ẹ bá ní ìṣedúró ìlera láti ibi iṣẹ́, Tísà, ẹ lọ bá àwọn tó ń mójú tó o kí ẹ béèrè irú èyí tí wọ́n ń san owó rẹ̀. Àwọn kan á san ti irin, wọ́n á ní kí ẹ fi owó ara yín kún un tí ẹ bá fẹ́ funfun.

Ti iná: wọ́n ń gbẹ́ eyín mi lọ́wọ́, iná lọ. Ẹnu mi wà ní yíyà, òwú kún inú rẹ̀, à ń retí ẹni tó lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Láti ìgbà náà, mo máa ń bèèrè lórí fóònù bóyá wọ́n ní sólà.

Nọ́ọ̀sìÌdó

Ìbéèrè tó dáa nìyẹn. Ìbọn iná búlúù yẹn sábà máa ń ní bátìrì tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ eyín àti èyí tó ń fa itọ́ nílò iná. Tí èyí tó ń fa itọ́ bá kú nígbà tí wọ́n ti fi oje kùn ún, ìṣẹ́ dé nìyẹn. Ẹ sì wò ó pé dókítà tó wà nínú ìwé àjọ MDCN, àwọn tó ń forúkọ dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ló ń ṣe é fún yín. Àwọn kan wà ní àdúgbò tí wọ́n kọ́ eyín wúrà àti eyín àtọwọ́dá lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ti ń dí eyín báyìí.

TísàÌkẹ̀rẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo padà lọ, mo ní kí wọ́n ya ẹ́síréè. Ihò náà kò tíì dé mùdùnmúdùn, àmọ́ dókítà ní tí mo bá fi í sílẹ̀ di ìparí ọdún, òun ò lè ṣèlérí. Mo ti pinnu: composite fún méjèèjì. Bàbá Ọ̀tún, ẹ má bínú sí mi.

Ìbéèrè tó kù: mo fẹ́ràn obì, mo sì ń mu kọfí tí mo bá ń máàkì ìwé. Ṣé kò ní yí padà? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ní kí n kúkú fi òògùn tó ń mú eyín funfun ṣe gbogbo ẹnu lẹ́yìn tí wọ́n bá dí i tán.

ỌmọÌjerò_Eyín

Ẹ̀gbọ́n yín ti to ọ̀rọ̀ náà sódì. Òògùn tó ń mú eyín funfun kì í ran composite. Tí ẹ bá lò ó lẹ́yìn, eyín yín á funfun, igun yẹn á sì dúró lórí àwọ̀ rẹ̀ àtijọ́, gbogbo ènìyàn á wá mọ ibi tí wọ́n tún ṣe. Tí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ ṣe é ṣáájú, kí ẹ dúró tó ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n tó wá mú àwọ̀ composite tó bá eyín yín mu. Tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ má wulẹ̀ ṣe é. Eyín tó dáa kì í ṣe èyí tó funfun bíi bébà dandan.

Bí wọ́n ṣe ń mú àwọ̀ náà ṣe pàtàkì. Kí wọ́n mú un ní kété tí ẹ bá jókòó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, torí eyín tó bá ti gbẹ lábẹ́ iná á funfun ju bó ṣe wà lọ. Ẹ má kun ètè lọ́jọ́ náà.

Obì, orógbó, kọfí àti sìgá á máa kùn ún lójú, etí ibi tó ti pàdé eyín ló sì máa ń kọ́kọ́ hàn. Wọ́n lè dán an padà, kì í gba àkókò. N kò ní kí ẹ má jẹ obì mọ́ o. Ẹ fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń pa eyín ẹ̀yìn yẹn ju obì lọ ni ṣúgà tí ẹ bá ń fi sínú kọfí, tó bá jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ lẹ̀ ń mu ún láti àárọ̀ dalẹ́.

Bàbá_Ọ̀tún

Kò bí mi nínú. Ìbéèrè kan péré: ṣé á lè jẹ uyán lálẹ́ ọjọ́ náà? Torí irin, wọ́n ní kí n dúró di ọjọ́ kejì kí n tó fi ẹ̀gbẹ́ yẹn jẹun.

Nọ́ọ̀sìÌdó

Á jẹ ẹ́, Bàbá. Irin ló ń gba tó wákàtí 24 kó tó le tán; ti iná búlúù, kó tó dìde lórí àga ló ti le. Abẹ́rẹ́ tó pa ẹnu kú ni ká dúró dè. Tí ètè ò bá tíì jí, ó lè gé e jẹ, ó sì lè fi ọbẹ̀ gbígbóná jó ahọ́n láìmọ̀. Tó bá ti jí, kó gbé iyán rẹ̀. Eegun ni kó yọwọ́ nínú rẹ̀, pàápàá fún eyín iwájú.

ỌmọÌjerò_Eyín

Ohun méjì sí i, Tísà. Eyín ẹ̀yìn yẹn lè máa ta díẹ̀ sí omi tútù fún ọjọ́ mélòó kan, nígbà mìíràn tó ọ̀sẹ̀ méjì. Tó bá ń dín kù, ẹ fi í sílẹ̀. Tó bá ń pọ̀ sí i, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ sí í jí yín lóru, ẹ padà lọ.

Èkejì: kí ẹ tó kúrò, wọ́n á fún yín ní bébà aláwọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan kí ẹ gé e jẹ, ibi tó bá ga jù á gba àwọ̀, wọ́n á sì ha á wálẹ̀. Ẹnu tó ti kú kì í mọ̀ bóyá ó ga. Tó bá di ọjọ́ kejì tí ẹ rí i pé eyín yẹn ló ń kọ́kọ́ kàn kí àwọn yòókù tó pàdé, ẹ má sọ pé ẹ ó fara mọ́ ọn. Ẹ padà kí wọ́n tún un ha. Èyí tó bá ga ló sábà máa ń là.

ÌyáAránṣọ_Bísí

Dókítà, bébà aláwọ̀ yẹn, wọn ò fún mi rárá. Ní ẹ̀ẹ̀mejèèjì.

ỌmọÌjerò_Eyín

Màmá, ẹ padà lọ bá wọn, ẹ béèrè rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan eyín náà lẹ́ẹ̀kẹta. Kí ẹ gé e jẹ ní títẹ́, kí ẹ sì rìn ín síwájú àti sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ti eyín iwájú, ìgbà tí àgbọ̀n bá rìn síwájú ló máa ń hàn. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

ÌyáAránṣọ_Bísí

Màá lọ lọ́jọ́ Ajé. Tísà, ẹ̀yin náà ẹ béèrè rẹ̀ o.